Ẹ Bi Màmá Àbíyè: Ọmọ Tó Ń Pọ Ọmú, Tí Inú Rẹ̀ Ń Kún

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi ni mo bí, obìnrin ni, ó pé ọ̀sẹ̀ méje lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ọmú nìkan ló ń mu, kò sì sí ìgbà tó mu ún tí kì í pọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn á rọra ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀, nígbà mìíràn á tú sí mi láyà. Lọ́jọ́ kan, imú ló gbà jáde, igbe tí mo ké mú kí àwọn ará ìsàlẹ̀ sáré gòkè wá. Aṣọ mẹ́fà sí méje ni mò ń pàrọ̀ lójúmọ́. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹkún dé nìyẹn. Á ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ikùn, ojú rẹ̀ á pọ́n, ikùn á le, á máa só, kò sì ní dákẹ́ títí di aago mẹ́wàá. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní inú kíkún ni, wọ́n ti se àgbo sílẹ̀. Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì iwájú ilé wa ta gripe water fún mi, n kò tíì ṣí i. Ọkọ mi ní bóyá omi ọmú mi ni kò bá a lára mu, ká bọ́ sórí wàrà inú agolo. Kílò 3.1 ni wọ́n bí i. Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kílò 4.4 ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ́ ẹ sùn lálẹ́, kó má baà sá sí i lọ́fun. Kí ni kí n ṣe?*
*— Ìyá Àkọ́bí, Òyìngbò*

Ìyá Àkọ́bí, ọmọ mi, o kú ewu, o sì kú ọwọ́ lómi. Àwọn àgbà tó dá kíkí yẹn sílẹ̀ mọ ohun tí ìkókó ń fi aṣọ ṣe.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, ibì kan ni mo kọ́kọ́ fi ìka sí: kílò 3.1 ní ọjọ́ ìbí, kílò 4.4 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ 42 ni ọmọ rẹ fi kílò kan àti díẹ̀ kún ara rẹ̀. Tí a bá pín in, ó ń lọ sí bíi gíráàmù 30 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an la sì ń fẹ́ kí ọmọ tó ń jẹun yó máa wúwo sí i. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ ń bá èébì lọ tán kò lè rí báyìí. Ohun tó ń dúró nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ fíìfíì. Aṣọ ló ń tàn ọ́.

Ṣe ohun kan fún mi. Mú ṣíbí tíì kan, bu omi kún un, kí o dà á sórí ìró àǹkárá gbígbẹ. Wo bó ṣe máa tàn kálẹ̀. Ṣíbí kan péré, mìlílítà márùn-ún, yóò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Mo máa ń ṣe èyí níwájú àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù ọmọdé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì máa ń rí i bí ọkàn wọn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi. Èyí tí o rò pé gbogbo ohun tó mu ni, ó lè má ju ṣíbí méjì lọ.

Ibi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ inú ikùn, iṣan kan wà níbẹ̀ tó yí i po bí òrùka, tó ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí okùn ẹnu àpò. Tiwa àgbà ti gbó, ó ń dì. Ti ìkókó kò tíì lágbára, ó ń tú nígbà tí kò yẹ kó tú. Omi lásán sì ni oúnjẹ rẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló sì wà tọ̀sán-tòru. Ro ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ti já lẹ́nu, tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ kó má dà, ṣùgbọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, pámpáàsì tí a fà mọ́ ìbàdí, ọ̀já tí a so fún ikùn pinpin, ọmọ tí a ká lẹ́sẹ̀ sókè láti nù ún ní ìdí kété tó mu ọmú tán, ìka tó ń tẹ ọ̀rá ni gbogbo wọn. Pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ kí o tó fún un lọ́mú, má dúró di ẹ̀yìn rẹ̀.

Pípọ ọmú yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì lè le sí i títí di nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Mo sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já tó bá rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń jókòó, tó ti ń jẹ oúnjẹ tó le díẹ̀, á máa dínkù. Nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á ti jáwọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹnu ló ń gbà wọlé, nígbà tó bá ń mu ọmú àti nígbà tó bá ń ké. Tí o bá gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń ró "tọ́, tọ́, tọ́" lórí ọmú, kò gbá a mú dáadáa nìyẹn. Orí ọmú nìkan kọ́ ló yẹ kó wọ ẹnu rẹ̀, púpọ̀ nínú dúdú tó yí i ká gbọ́dọ̀ bá a wọlé, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọmú. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má fà á yọ. Ti ìka rẹ tó kéré jù bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, á tú u sílẹ̀, kí o wá tún un gbé. Tí omi ọmú rẹ bá ń tú yàà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ń sá a lọ́fun, fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí ọmọ wà lórí àyà rẹ. Omi náà á wá máa gòkè lọ bá a dípò kó máa já lù ú. Má sì dúró dìgbà tó bá ké kí o tó fún un. Ọmọ tí ebi ń pa á kọ́kọ́ máa yí orí kiri, á máa ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹkún ló ń kẹ́yìn, tó bá sì ti ké dáadáa, afẹ́fẹ́ ti gba àyè nínú ikùn rẹ̀ kí omi ọmú tó dé.

Jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń mú ọmọ gùnfẹ̀, torí mo rí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé ọmọ lé èjìká tí wọ́n ń lù ú lẹ́yìn bí ẹni ń gbọn eruku ẹní. Lílù kọ́ ló ń mú un jáde. Jókòó, gbé ọmọ jókòó sórí itan rẹ òsì, kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ. Fi ọwọ́ ọ̀tún gbá àyà rẹ̀ mú: ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ wà láyà rẹ̀, àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n, ìka ìfábẹ̀lá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Egungun àgbọ̀n ni ìka rẹ dì mú, ọ̀fun kọ́. Tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, nítorí tó bá ká bí edé, afẹ́fẹ́ náà kò ní rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á rọ̀ lé ìka rẹ lórí, ẹnu rẹ̀ á yọ ṣóńṣó, omi ọmú díẹ̀ á máa dán létí ètè rẹ̀. Wá fi ọwọ́ òsì máa pa á lẹ́yìn láti ìbàdí lọ sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa aṣọ òfì. Ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n kí etí rẹ tó gbọ́ ọ. Àyà kékeré yẹn á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, "gẹ̀ẹ̀", ó ti jáde. Tí kò bá jáde, tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún gbé e dìde. Afẹ́fẹ́ náà á kúrò níbi tó há sí, á gòkè. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó gbá ọmú mú dáadáa lè má gùnfẹ̀ rárá, kì í ṣe àìsàn. Lẹ́yìn náà, gbé e dúró mọ́ àyà rẹ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí o tó tẹ́ ẹ.

Ẹkún ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, á le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á sì ti lọ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ọ̀sẹ̀ méje ni tìrẹ. Téńté orí òkè náà lo wà yìí, sísọ̀ ló kù. Gbogbo ìsó tí o ń gbọ́ kọ́ ló ń fa ẹkún o, ẹkún gan-an ló kó púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà wọlé. Tẹ́ ẹ ní ìdojúbolẹ̀ sórí apá rẹ, kí orí rẹ̀ wà ní ìgúnpá rẹ, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ wà láàárín itan rẹ̀, kí ikùn rẹ̀ sinmi lé apá rẹ, kí o máa rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ̀rídọ̀. Ariwo fáànù máa ń pa àwọn kan lẹ́nu mọ́. Tí kò bá síná, fi ẹnu ara rẹ ṣe "ṣíí" sí i létí, kó gùn.

Tí ọwọ́ rẹ bá sì ń gbọ̀n, tí o rí i pé inú ti ń bí ọ sí ọmọ, tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lórí ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́ sí bàkónì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹkún ìṣẹ́jú márùn-ún kò pa ọmọ. Mímì jìgìjìgì ló ń pa ọmọ, torí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, ọpọlọ rẹ̀ á máa lu agbárí. Èmi bí àkọ́bí tèmi ní 1981, nínú yàrá kan ní Lafíàjì. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn lóru ọjọ́ kan, mo sunkún títí aṣọ mi fi tutù, nígbà tí aládùúgbò kan gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi láìbi mí ní nǹkan kan. N kò gbàgbé obìnrin yẹn. Tó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ ọ̀hún kì í kúrò lọ́kàn rẹ kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí o bá lọ síbi abẹ́rẹ́. Ìlera tìrẹ náà wà lára ìtọ́jú ọmọ.

Àgbo. Má fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí á fi pé oṣù mẹ́fà, omi tútù pàápàá kò sí níbẹ̀. Ohunkóhun mìíràn tó bá wọ ikùn kékeré yẹn, àyè omi ọmú ló gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n á dì í nímú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, ọmọ á gbìyànjú láti mí, àgbo á sì bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ètè rẹ̀ ti ṣú, èérún ewé ṣì wà ní ihò imú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò pẹ̀lú wa kó tó tún lè mu ọmú. Ìyẹn yè. Àwọn kan kò yè.

Síbẹ̀, má dá ìyá ọkọ rẹ lóhùn bí ẹni pé wọn kò mọ nǹkan. Ọwọ́ wọn mọ ọmọ wẹ̀, ó sì mọ ara ọmọ í rà. Kúnlẹ̀, kí o sọ pé: "Mà, nọ́ọ̀sì ní ká má tíì fún un ní nǹkan kan lẹ́nu o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òrí ra ikùn rẹ̀." Nígbà tí ọmọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú ni kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n yọ́ òrí díẹ̀ sọ́wọ́, kí ọwọ́ wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ikùn ọmọ gòkè, kó gba òkè ìdodo kọjá, kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Bí ìfun ńlá ṣe tò nìyẹn, ọ̀nà yẹn náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n máa tì í lọ sí ikùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Jíju ọmọ sókè níbi ìwẹ̀ àti fífi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀. Tó bá sì di aago méjì òru, tí o fún un lọ́mú tán, kò sí ibi tó dára fún ọmọ láti wà ní òró fún ìdajì wákàtí bí àyà ìyá àgbà. Ìwọ sùn.

Gripe water yẹn, dá a padà tí ó bá ṣeé ṣe. Ọdún 1851 ni William Woodward, apòògùn kan ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e jáde. Ọtí wà nínú èyí tí wọ́n ń tà láyé ìjọ́un, ṣúgà náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá mu ọtí á dákẹ́, ìyẹn kò ní kí inú rẹ̀ ó dá. Ohun tó wà nínú ti òní yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, kò sì sí èyí tó lè fún okùn ẹnu àpò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lágbára. N kò sì lè gbàgbé ìparí ọdún 2008. Òògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ṣe ní Èkó wa níbí, tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wọ inú rẹ̀, ba kíndìnrín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́, ọmọ tó lé ní 80 ló sì kú káàkiri Nàìjíríà. NAFDAC kó o kúrò lórí igbá, ó ti pẹ́ jù fún àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn ìyá wọn kò ṣe ju ohun tí o ṣe yìí lọ: wọ́n rí i pé ọmọ ń ké, wọ́n sì lọ ra òògùn.

Ọkọ rẹ? Fi káàdì abẹ́rẹ́ hàn án. Omi ọmú rẹ ló gbé ọmọ náà dé kílò 4.4.

Ní ti oorun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tó tẹ́, láìsí ìrọ̀rí, lọ́sàn-án àti lóru, bó tilẹ̀ ń pọ ọmú. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́. Fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ: ọ̀nà èémí ló wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, omi ọmú tó bá padà wá gbọ́dọ̀ pọ́nkè kó tó dé ibẹ̀. Tó bá dojú délẹ̀, ọ̀nà èémí ló bọ́ sísàlẹ̀, omi ọmú á wá rí ọ̀gbun ṣàn sí. Èyí tó gba imú jáde lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló fi imú àti ẹnu tì í jáde. Imú àti ọ̀fun jọ ṣí sí ara wọn ni.

Mo fẹ́ kí o mọ èyí tí kì í ṣe pípọ ọmú lásán. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá láti Ọ̀bàléndé, ọmọ náà kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Gbogbo ará ilé ti ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé gbogbo ìkókó ló ń pọ ọmú. Ṣùgbọ́n èébì tirẹ̀ kì í ṣàn, ṣe ló ń fò. Ó fò kọjá ẹsẹ̀ mi lu ògiri. Bó ṣe bì tán ló yíjú tó tún ń wá ọmú, bí ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan. Pámpáàsì tó ti wà nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ gbẹ táútáú. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ó fúyẹ́ ju bí wọ́n ṣe bí i lọ. Dókítà ní kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú níwájú wa. A tẹ̀ síwájú, a ń wo ikùn rẹ̀, a sì rí i bí nǹkan ṣe ru sókè lábẹ́ awọ bí ìgbì òkun, tó ń yí láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kúrò nínú ikùn ló ti nípọn tó sì dí. Àwọn ọmọkùnrin ló ń mú jù, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ. A kọ́kọ́ fa omi sí i lára títí ara rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò, wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ń mu ọmú, kò sì bì í.

Nítorí náà, tí èébì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò bẹ́ẹ̀, tó bá láwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́, tí ikùn bá le gbandi tí kò rọ̀ nígbà tí ọmọ sùn, tí ó bá kọ ọmú, tí pámpáàsì kì í tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá yọ sókè tàbí tó wọnú, tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, má kọ̀wé sí mi. Wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ ọ tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, òru ni tàbí ọ̀sán. Láìsí èyí, tí o bá lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo ń retí rẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Ìyàwó mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Balógun. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń tọ́jú ọmọkùnrin wa lọ́sàn-án. Ó pé oṣù mẹ́ta, kílò 6 ni. Wàrà agolo ló ń mu, mìlílítà 200 lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ó ń pọ̀ ọ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń dà á láàmú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n po ògì díẹ̀ mọ́ ọn nínú fídà kó lè dúró níkùn. Ṣé kí n ṣe é?*
*— Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Bàrígà*

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ tó ń mu wàrà agolo ní ọjọ́ orí yìí ń lò tó mìlílítà 150 fún kílò kan lójúmọ́. Kílò mẹ́fà, 900 nìyẹn. Tiyín ń mu 1,200. Èyí tó lé ló ń padà wá yẹn. Ẹ dín in kù sí 150 lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tàbí kí ẹ fún un ní 130 lẹ́ẹ̀méje. Tó bá ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e rìn ná. Ìfẹ́ àtimu nǹkan máa ń wà lẹ́nu ọmọ nígbà tí ikùn rẹ̀ ti kún.

Bí ẹ ṣe ń pò ó ńkọ́? Tí ẹ bá ń gbọn fídà gbàgbà, gbogbo fóòmù tó wà lókè yẹn, afẹ́fẹ́ tó máa gbé mì ni. Omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tó ṣì gbóná dáadáa, ni kó kọ́kọ́ wọ ìgò, kí wàrà tẹ̀lé e, síbí inú agolo náà gan-an, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́. Iye tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ lò, ẹ má fi ọ̀kan lé e. Ẹ wá yí ìgò náà lọ́wọ́ láti pò ó, kí ẹ gbé e sínú omi tútù títí á fi lọ́ wọ́ọ́wọ́, fóòmù náà á sì ti rọ̀. Nígbà tó bá ń mu, kí orí fídà kún fún wàrà nígbà gbogbo. Ẹ dúró lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín kó gùnfẹ̀. Tí ẹ bá da ìgò náà dorí kodò, ṣe ló yẹ kó máa kán tó, tó, tó. Tó bá ń ṣàn, ihò rẹ̀ ti fẹ̀ jù, ẹ ra òmíràn.

Ẹ má po ògì mọ́ ọn. Oṣù mẹ́fà ni ògì, ṣíbí ni a sì fi ń fún ọmọ. Nínú fídà, ó lè há a lọ́fun. Tí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nínú yàrá náà, kó bọ́ síta. Kí ẹ sì bá mi bi ìyàwó yín bóyá omi ọmú ṣì wà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń fún un sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, kò sì tíì pẹ́ jù ní oṣù mẹ́ta.

*Nọ́ọ̀sì, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi ní ẹ̀yin ní kí ìkókó máa fi ẹ̀yìn sùn. Gbogbo ọmọ mẹ́fà tí mo bí, ìdojúdélẹ̀ ni mo tẹ́ wọn sùn sí, gbogbo wọn ló yè. Ó sì tún ní kí n má lẹ òwú mọ́ ọmọ lórí tí òsúkè bá mú un. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ sọ ìyẹn?*
*— Ìyá Àgbà, Lafíàjì*

Mà, ẹ ǹlẹ́ o. A dúpẹ́ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bí ẹ ṣe ń ṣe é yẹn ni wọ́n kọ́ àwa nọ́ọ̀sì náà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, èmi náà sì kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀, ó ń dùn mí títí dòní. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ká máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1992. Àwọn ìkókó tí ń sùn tí wọn kì í jí dínkù ju ìdajì lọ lẹ́yìn náà. Ìdojúdélẹ̀ dára nígbà tí ojú yín bá wà lára ọmọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí itan yín bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ á le, afẹ́fẹ́ á sì jáde. Tí oorun bá ti gbé e, ẹ yí i padà.

Òwú, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Òsúkè kì í dun ọmọ, ó ń fúnra rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ sì lè fún un lọ́mú díẹ̀ kó yára lọ. Òwú tútù yẹn máa ń gbẹ, á sì já bọ́ síbi ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ẹ sùn lálẹ́ òní.